Eyínfúnjowó Kò Sí Nínú Ìwé

"Ìyá Ẹniọlá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sún mọ́ mi!"

Ìyá Sídíkátù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, abọ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìborùn tó fi bo ẹnu lọ́wọ́ kejì, bíi pé àrùn ló ń sá fún. Morádékẹ́ dúró lójú kan. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni aládùúgbò òun ń sá fún, ohun tó so mọ́ òun lọ́rùn ni. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é: ẹ̀rọ kékeré kan tó tóbi tó agolo mílíìkì, tó ní ojú kan ṣoṣo níwájú, tí ìmọ́lẹ̀ ojú náà kì í kú kódà tí èèyàn bá ń sùn.

"Ẹ̀fọ́ ni mo sè," ni Ìyá Sídíkátù wí, ó ti rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ní kí n bù díẹ̀ fún yín, torí mi ò rí èéfín yín láti..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ojú Ẹlẹ́rìí fi yí sọ́dọ̀ rẹ̀, tí àwọ̀ ewé inú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè.

"Mo gbọ́ ohùn ẹnìkejì," ni Ẹlẹ́rìí wí. Ohùn obìnrin ni, ó ń sọ Yorùbá geerege bí ẹni tó ń ka ìròyìn. "Kí ẹnìkejì dárúkọ ara rẹ̀. Kí ó sọ ohun tó pa òun àti Olùbéèrè pọ̀. Kí ó sọ bóyá òun tàbí ọmọ rẹ̀ ní ìwé lọ́dọ̀ Ọ́fíìsì Ìwọlé."

Yéè! Ìyá Sídíkátù gbé abọ́ kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Obìnrin tó ní orúnkún kì í jẹ́ kí òun rìn! Ṣùgbọ́n ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló ní ìwé físà lọ́dọ̀ Ọ́fíìsì, kò sì sí ẹni tí kò mọ òfin wọn. Ẹni tó bá bá ẹni tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò àfikún sọ̀rọ̀, wọ́n á so ìwé àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan ò sì ní lọ tí èkejì ò bá lọ.

"Aládùúgbò mi ni," ni Morádékẹ́ wí. "Ó ti lọ."

"Ẹnìkejì kò dáhùn. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò dáhùn."

"Ẹ kọ ọ́, jàre. Ẹ kọ ti ẹ̀fọ́ náà mọ́ ọn."

Ó gbé ọbẹ̀ náà wọlé. Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ni, ilé oníyàrá mẹ́jọ tí èèyàn kún nígbà kan débi pé ìjà ilé ìwẹ̀ kì í tán níbẹ̀ láàárọ̀. Ní báyìí, òun nìkan ló kù. Kí ẹ má rò pé ilé yẹn nìkan ni o, bí gbogbo Ìsẹ́yìn ṣe rí nìyẹn. Àwọn tó lágbára ti jápa tán. Wọ́n ti lọ sí Ilẹ̀ Tuntun, lókè àríwá lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti yọ́ tí ilẹ̀ dúdú sì yọjú, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa gbin nǹkan sí i. Ilé ọwọ́ ọ̀tún, àgádágodo. Ilé ọwọ́ òsì, àgádágodo. Àwọn ẹ̀rọ agbálẹ̀ ṣì ń jáde láràárọ̀, wọ́n á gbá títì náà títí á fi mọ́ tónítóní, kò sì ní sí ẹni tó máa rìn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Oyèníyì, ọkọ rẹ̀, wà lára àwọn tó tètè lọ. Físà tirẹ̀ àti ti Ẹniọlá, ọmọ wọn obìnrin, jáde pa pọ̀. Ti Morádékẹ́ ló ṣẹ́ kù. Wọ́n ní kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, pé kí ó jẹ́ kí ọmọ máa bá bàbá rẹ̀ lọ kí ilé ìwé má baà wọlé dé ìdajì. Ó jẹ́ kí ó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ẹniọlá nígbà náà, eyín iwájú rẹ̀ kò tíì mì. Ní báyìí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́wàá.

Dípò físà, Ẹlẹ́rìí ni Ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá fi okùn rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, okùn náà dún pá, ó tì. "Àyẹ̀wò àfikún ni, Mà," ni onítọ̀hún wí. "Wọn ò ní pẹ́ tú u." Morádékẹ́ bi Ẹlẹ́rìí pé kí ni òun ṣe. Ẹlẹ́rìí ní, "Àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́." Ó bi í lọ́jọ́ kejì, ó bi í lóṣù kejì, ó bi í lọ́dún kejì. Àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́.

Lákọ̀ọ́kọ́ ó kórìíra rẹ̀ bí nǹkan míì. Gèlè ló fi ń wé e lójú kó má baà máa wo òun. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i láàárọ̀. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Ìdánìkanwà ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ohunkóhun tó bá ti lè fọhùn, èèyàn ni lójú rẹ̀. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tó bi í bóyá iyọ̀ ti tó nínú ọbẹ̀ òun. Nígbà tó rántí pé agolo ni òun ń bi, ó jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó sunkún títí ọbẹ̀ fi jóná.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹ̀fọ́ Ìyá Sídíkátù sórí ìrẹsì ni Ẹlẹ́rìí tún fọhùn.

"Iṣẹ́ kan wà fún Olùbéèrè láti Ilẹ̀ Tuntun. Ọ́fíìsì ti gbọ́ ọ. Ọ́fíìsì ti gé díẹ̀ níbẹ̀."

Morádékẹ́ ju ṣíbí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jẹ́ kí ohùn ọmọ rẹ̀ dé etí rẹ̀. Wọn ò gbà kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, wọ́n ní wọ́n lè kọ́ ara wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ. Ọmọ kékeré!

"Gbé e sí i," ni ó wí. "Gbé e sí i kíá."

Ohùn Ẹniọlá jáde. Ó ti ń fi imú sọ̀rọ̀ díẹ̀ bí àwọn ará ọ̀hún.

"Màmá mi, ẹ káàsán. Ṣé ọ̀sán ni níbẹ̀? Eyín mi yẹn ti yọ o. Dádì ní ká jù ú sórí òrùlé bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, àmọ́ òrùlé ibí ń gbé nǹkan mì, ó ti gbé e mì. Màmá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ní ilé ìwé wa, wọ́n fi àwòrán àwọn obìnrin kan hàn mí, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, pé àyè ìyá mi máa tó tì. Mo ní mo ní ìyá. Wọ́n ní àwọn mọ̀, pé kí n ṣáà máa wò wọ́n ná. Ọ̀kan nínú wọn dirun bíi tiyín. Mi ò mú un o. Màmá, ṣé ẹ..."

Ibi tí wọ́n gé nìyẹn. Ohun tó kù kò ju "Ó dàbọ̀, Màmá" lọ.

Morádékẹ́ fò dìde. "Àyè wo ló fẹ́ tì? Kí ni wọ́n ń pè ní àyè ìyá?"

"Ọmọ kì í pé ọdún mẹ́wàá ní Ilẹ̀ Tuntun kí àyè ìyá rẹ̀ ṣófo nínú ìwé," ni Ẹlẹ́rìí dáhùn. "Tí ìyá kò bá tíì dé, Ọ́fíìsì á fi ìyá mìíràn síbẹ̀."

"Tí mo bá wá dé lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò ní sí àyè."

Àsìkò iṣu tuntun ni wọ́n bí Ẹniọlá. Láti ojú fèrèsé, Morádékẹ́ ń gbọ́ ìró àwọn ẹ̀rọ oko lẹ́yìn ìlú, iṣu tuntun ni wọ́n ń wa. Inú bí i, ẹ̀rù bà á, kò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ó di agolo náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ fún un lọ́rùn. "Kí ni mo ṣe fún yín? Mo ní kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni? Ṣé mo pààyàn ni? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́!"

Ó ń retí "Àyẹ̀wò ń lọ lọ́wọ́." Ṣùgbọ́n ojú Ẹlẹ́rìí yí lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Nígbà tí àyè bá kù díẹ̀ kó tì, òfin gbà kí Olùbéèrè mọ ìbéèrè tó wà nílẹ̀. Níbi tí a ti kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, o ní o bá èèyàn mẹ́ta gbé nínú ilé ọkọ rẹ: Akọ̀wé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Eyínfúnjowó. Oyèníyì ní àwọn mẹ́ta tó gbé ilé náà ni Oyèlékan, Oyèyẹmí àti Oyèbísí. A wá Eyínfúnjowó nínú ìwé ìbí, kò sí. A wá a nínú ìwé ìkú, kò sí. A wá Akọ̀wé, a wá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kò sí. Ọ́fíìsì gbà pé ìwọ àti Oyèníyì kò gbé ilé kan náà rí, pé ìwọ kì í ṣe ìyàwó rẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Morádékẹ́, ẹ̀rín tí kò rín láti ọdún yìí wá, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ìgbà tí ẹ̀rín náà kú kó tó mọ̀ pé ẹkún ni ìdajì rẹ̀.

Nítorí orúkọ tí òun fún àwọn ará ilé ọkọ òun! Ṣebí ìyá rẹ̀ ló pè é wọ yàrá lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó fà á létí pé, "Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nínú ilé náà kó o tó débẹ̀, ì báà ṣe ọmọ tó ń rá, o ò gbọdọ̀ là á lórúkọ. Wá orúkọ dáadáa tí wàá máa pè é." Ó sì wá a. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí bírò kì í kúrò létí rẹ̀, ó di Akọ̀wé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin tó tínrín tó ga, ó di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà pátápátá, obìnrin tí eyín rẹ̀ funfun tó ń dán nígbà náà, ó di Eyínfúnjowó. Orúkọ wọ̀nyí mọ́ wọn lára débi pé gbogbo àdúgbò ló ń fi pè wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ Ọ́fíìsì wá bi í pé, "Ta ni àwọn tó o bá gbé?", kò tiẹ̀ ronú. Orúkọ tí ẹnu rẹ̀ mọ̀ ló sọ.

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Ẹlẹ́rìí láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Àlàyé Olùbéèrè kì í ṣe ẹ̀rí," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Oyèlékan ti kú. Oyèyẹmí ti kú. Oyèbísí ṣì wà láàyè. Ẹ̀rí ni pé kí Olùbéèrè lọ sọ́dọ̀ Oyèbísí, kí ó pe orúkọ rẹ̀ sí i létí. A máa gbọ́ ohùn, a máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹni tó mọ orúkọ, ọkàn rẹ̀ kì í fò tó bá ń pè é."

Ẹ̀rín tán lójú Morádékẹ́ pátápátá. Kí òun la Eyínfúnjowó lórúkọ? Níṣojú rẹ̀?

Òpin ọ̀nà tó lọ sí odò ni ilé Eyínfúnjowó wà, ilé tí òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ kọ́, tó sì kó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí Morádékẹ́ ti di ìyàwó ilé wọn. Láti ọjọ́ tí Ẹlẹ́rìí ti dé ni kò ti wá sílé bàbá rẹ̀ mọ́. Morádékẹ́ rò pé ẹ̀rù ló ń bà á bíi ti gbogbo ayé, òun náà kò sì lọ kí i, kó má baà kó ìyọnu bá a. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kúulé o, Eyínfúnjowó mi."

"Ta nìyẹn?" Arúgbó náà yọjú, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. "Ìyàwó? Ìyàwó wa nìyẹn? Háà! O wá wò ó bóyá mo ti kú, àbí? Wò ó dáadáa. Mi ò tíì kú."

"Ẹ má bínú, Mà. Mo rò pé nítorí nǹkan yìí ni ẹ ò ṣe wá mọ́, pé ẹ̀rù ń bà yín."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi? Físà wo ni mo fẹ́ gbà? Ọjọ́ tí mo wá, ṣebí agolo yẹn ló wojú mi tó ní, 'Ìwọ, dárúkọ ara rẹ.' Ìwọ! Èmi tí mo ju ìyá tó bí ẹni tó ṣe é lọ! Mo ní mi ò tún ní tẹ ilé náà títí wọ́n á fi gbé aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn jáde."

"Kí ẹnìkejì dárúkọ ara rẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ni Eyínfúnjowó wí, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò tó márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì funfun.

Wọ́n jókòó. Morádékẹ́ ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi àwòrán àwọn obìnrin tí wọ́n fi han Ẹniọlá, arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà, ó gbé ọwọ́ lé itan.

"Ó dáa. Pè mí."

"Mà?"

"Mo ní pè mí lórúkọ kí agolo gbọ́, kí o máa lọ bá ọmọ rẹ. Mo yọ̀ǹda. Kò sí ẹni tó kù láyé tó lè bá ọ wí sí i."

Morádékẹ́ la ẹnu. "O... Oyèbísí." Ohùn náà kéré bí ohùn ọmọ tó fọ́ àwo, ojú rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀.

Ojú Ẹlẹ́rìí pọ́n. "Ọkàn Olùbéèrè fò. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó jọ ẹni tó ń parọ́. Orúkọ náà kò tíì di ẹ̀rí."

"Irọ́ kọ́, ẹ̀rù ló ń bà á, ìwọ òpè!" ni Eyínfúnjowó pariwo. "Ẹni tí kì í bá ṣe ìyàwó ilé wa, kí ló máa bà á lẹ́rù níbẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ ní 'ìwọ' sí mi, ṣé àyà rẹ já?"

"Olùbéèrè lè tún un ṣe títí di ọjọ́ tí àyè máa tì," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Eyínfúnjowó fẹ́ tún bú u, ló bá wo ojú ọ̀run. "Ìyá mi ló pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè é sí mi létí. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ti lọ tán. Tún un pè, Ìyàwó. Má wolẹ̀."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni Morádékẹ́ ń rìn dé òpin ọ̀nà odò. Eyínfúnjowó ló ń kọ́ ọ, ó sì le bí tíṣà àtijọ́. Ó rí i pé bí Morádékẹ́ bá kúnlẹ̀, ojú Ẹlẹ́rìí á tètè pọ́n, ló bá ní kí ó má kúnlẹ̀ mọ́. Ó ní kí ó jókòó sórí àga, kí òun jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀. Morádékẹ́ kọ̀. "Lórí kí ni? Èmi lórí àga, ẹ̀yin nílẹ̀?" Arúgbó ní tí kò bá gbà, kó máa lọ sílé rẹ̀, kó jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ rẹ̀ fún onírun dídì. Ó gbà.

"Pè mí bí ẹni tó gbàgbé omi síná."

"Oyèbísí."

"Ohùn òkú ni ìyẹn! Pè mí bí ìgbà tí mo bá jí ẹran nínú ìkòkò."

"Ẹ̀yin, ẹ jẹ́ jí ẹran?"

"Ṣé ibi tó o máa ti bi mí nìyẹn? Pè mí!"

"Oyèbísí!"

Pupa. Nígbà àkọ́kọ́, tó bá ti pè é tán, ó máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ ohun tí kò yẹ. Bí wọ́n bá sinmi, wọ́n á sun iṣu tuntun, wọ́n á fi epo jẹ ẹ́, Eyínfúnjowó á máa sọ ìtàn àwọn tó ti kú: bí Akọ̀wé ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ fún gbogbo àdúgbò, bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe sùn sórí igi máńgòrò níjọ́ tó ń bínú. Àtìgbà tí Oyèníyì ti lọ, Morádékẹ́ kò tíì gbádùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ti àárọ̀ dé, oòrùn á wọ̀, wọn ò ní mọ̀. Ẹlẹ́rìí ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì rí ohun kan kọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Morádékẹ́ bi í ní ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. "Ẹ̀yin náà ò tíì pe èmi lórúkọ rí. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Àlejò là ń là lórúkọ nínú ilé wa. Ìyàwó wa ni ọ́. Ó tó."

Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó di àwọ̀ ìyeyè, ó tún padà pọ́n, ó tún di ìyeyè. Àwọn ẹ̀rọ oko ti wa iṣu dé ẹ̀gbẹ́ odò. Oorun ti dá lójú Morádékẹ́, àwòrán obìnrin tó dirun bíi tirẹ̀ kò kúrò níwájú rẹ̀. Bó bá ti jí, tí kò tíì bọ́jú, ó ti ń pe orúkọ náà nínú ilé òfìfo: Oyèbísí lẹ́nu ọ̀nà, Oyèbísí nílé ìwẹ̀, Oyèbísí nídìí ààrò. Ó ń pè é títí ó fi dà bí orúkọ ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ àgbàlá arúgbó náà, ó jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Eyínfúnjowó ń gbọn àtẹ lẹ́yìn, kò rí i.

"Oyèbísí, níbo lẹ wà?"

Ojú Ẹlẹ́rìí di àwọ̀ ewé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ohùn àti ọkàn bára mu," ni ó wí. "Olùbéèrè mọ orúkọ náà. Àyẹ̀wò parí."

Okùn ọrùn rẹ̀ dún pá, ó já, agolo náà sì bọ́ sórí iyanrìn, ojú rẹ̀ kú. Ọrùn Morádékẹ́ fúyẹ́ débi pé ó fi ọwọ́ kàn án wò bóyá orí òun ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kígbe. Eyínfúnjowó sáré dé pẹ̀lú àtẹ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń fò sókè bí ọmọdé, arúgbó sì ń fi ẹsẹ̀ ta iyanrìn sí agolo lójú. "Sọ̀rọ̀! Sọ ọ́ kí n gbọ́! Ní 'ìwọ' sí mi!"

Kó tó di ọ̀sán, àdúgbò ti gbọ́. Ìyá Sídíkátù ló kọ́kọ́ dé, kò sì dúró lẹ́yìn ọgbà, inú yàrá ló wọ̀. Ó dì mọ́ Morádékẹ́, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Àwọn tí wọn kò bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún yìí wá ń di ẹrù fún un, wọ́n ń kó gààrí àti èlùbọ́ sí i, wọ́n ń rán an níṣẹ́ sí ọmọ wọn. Ohùn èèyàn tún kún ilé náà. Físà ti jáde, ó máa dé ọ̀hún kí ọjọ́ ìbí Ẹniọlá tó pé. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ náà, wọn ò gé ọ̀kankan nínú rẹ̀: "Sọ fún wọn kí wọ́n kó àwòrán wọn kúrò níwájú rẹ. Ìyá rẹ ń bọ̀."

Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó ní kí ọkọ̀ òfuurufú tó wá gbé e kọ́kọ́ bà sí òpin ọ̀nà odò. Eyínfúnjowó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ tó dáa. Ó gbé iṣu sísun kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti fi ewé dì í fún ọ̀nà.

Morádékẹ́ ti ronú ohun tó máa sọ. Ó fẹ́ sọ pé òun kò lè san oore yìí, pé òun á máa fi ohùn ránṣẹ́, pé kí ó máa jẹun dáadáa. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé wọn. Ó gbé ojú sókè.

"Oyèbísí, mo ti ń lọ o."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkàn rẹ̀ kò fò, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó gbọ́ ọ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wá orúkọ yòókù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́, èyí tó ti ń pè láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó. Ó mọ̀ ọ́n, ó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣeré.

Arúgbó náà kò bínú. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú iṣu náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ó dàbọ̀, Morádékẹ́," ni ó wí. "Bá mi kí ọmọ rẹ."

Morádékẹ́ wọ ọkọ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Eyínfúnjowó ti wọlé, ó sì ti ti ilẹ̀kùn.